Ìyá Fáìlì àti Orí Kan Tó Ṣẹ́kù

Ẹni tó bá fẹ́ mọ Ìyá Fáìlì, kókó rẹ̀ ni kó kọ́kọ́ mọ̀. Kókó okùn ni mo ń wí, èyí tó máa ń ta sára fáìlì ní kóòtù. Á yí okùn po lẹ́ẹ̀mejì, á fi orí okùn gba abẹ́ ara rẹ̀, á fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, á wá fà á ṣinṣin, okùn á sì dún fín-ín bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó lẹ́yìn ìrìn jíjìn. Ó parí nìyẹn. Lọ́yà kan fi eyín tú u títí eyín náà fi ń mì. Ọ̀gá ọlọ́pàá kan tó ní ìràwọ̀ méjì léjìká jókòó tì í láti àárọ̀ títí oòrùn fi kan àtàrí, pàbó ló já sí. Ìyá Fáìlì dé láti ibi tó ti lọ fọ ife, ó fi ìka kan fà á, gbogbo rẹ̀ sì tú sílẹ̀ jẹ́jẹ́. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó lọ béèrè lọ́wọ́ eyín lọ́yà.

Yàrá tó ti ń ṣiṣẹ́ wà lẹ́yìn kóòtù. Ó gùn tẹ́ẹ́rẹ́, fèrèsé kan ṣoṣo ló ní, irin sì ni wọ́n fi ṣe àwọn pẹpẹ rẹ̀ láti ilẹ̀ dé òkè àjà. Pẹpẹ apá òsì ni ti ẹjọ́ tó ṣì ń lọ lọ́wọ́, pẹpẹ apá ọ̀tún ni ti ẹjọ́ tó ti parí. Láàárín méjèèjì ni àkàbà onígi kan wà tí igi àtẹ̀gùn rẹ̀ kẹta ti kán láti ayé ọ̀gá tó ti kú. Ẹnikẹ́ni tó bá ti yọjú sẹ́nu ọ̀nà ni Ìyá Fáìlì ń kìlọ̀ fún pé, "Ẹ fo ìkẹta o!" Ó sọ ọ́ títí, ó di bó ṣe ń kí ènìyàn káàárọ̀.

Ọdún kọkànlélọ́gbọ̀n rèé tó ti wọ yàrá náà, ìgbálẹ̀ ló sì gbé wọlé. Kò mọ̀wé nígbà náà. Ara páálí fáìlì ló ti kọ́ ọ, bó ṣe ń nu eruku lára wọn ló ń dá lẹ́tà mọ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n kà láyé ni "Ìjọba", nítorí òun ló wà níwájú gbogbo fáìlì: Ìjọba àti Lágbájá, Ìjọba àti Tàmẹ̀dò.

"Mo rò pé orúkọ ènìyàn kan ni," ló máa ń wí, á sì rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀. "Mo ní, háà, ọkùnrin yìí mà lẹ́jọ́ lọ́rùn o! Gbogbo ìlú ló ń bá jà!"

Kí ó tó pé ọdún márùn-ún, ó ti ń ka fáìlì ju àwọn akọ̀wé tó lọ sílé ìwé lọ. Wọ́n gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n fún un ní kọ́kọ́rọ́.

Ohun tí ojú rẹ̀ rí láyé ìgbà yẹn kò kéré. Wọ́n á mú ènìyàn lọ sí tèṣọ̀n, wọ́n á ní kó lọ jókòó sẹ́yìn káńtà kó ronú díẹ̀, ìrònú náà á sì di oṣù mẹ́fà. Pẹ́ńsùlù ni wọ́n fi ń kọ orúkọ sínú ìwé, torí pé pẹ́ńsùlù ṣe é pa rẹ́. Ìyá àgbàlagbà kan ń wá sí fèrèsé Ìyá Fáìlì ní gbogbo ọjọ́ Ajé fún ọdún mẹ́rin gbáko, ó ń béèrè fáìlì ọmọ rẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n máa rí fáìlì náà, abẹ́ tábìlì kan ní tèṣọ̀n ló wà. Ẹsẹ̀ tábìlì kan ló kúrú, wọ́n fi fáìlì gbé e. Tábìlì dúró dáadáa. Ọmọ ìyá náà ni kò rí ibi dúró sí.

Ọjọ́ yẹn ni Ìyá Fáìlì búra pé fáìlì kankan kò ní sọ nù lọ́dọ̀ òun títí òun á fi fẹ̀yìn tì. Ọjọ́ yẹn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í fi okùn so ohun gbogbo, ó sì dá kókó náà sílẹ̀ fúnra rẹ̀. "Fáìlì kì í sọ nù lọ́dọ̀ mi." Ó ń sọ ọ́ fún adájọ́, ó ń sọ ọ́ fún lọ́yà, ó ń sọ ọ́ fún ẹni tó ń ta búrẹ́dì lẹ́nu géètì.

Ní ọdún márùn-ún sẹ́yìn ni ìjọba tuntun dé, wọ́n ní àwọn fẹ́ tún ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá, kóòtù àti ẹ̀wọ̀n ṣe. Ta ló dá wọn lóhùn? Gbogbo ìjọba ló ń sọ bẹ́ẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń wá ìbò. Ṣùgbọ́n òfin náà jáde lóòótọ́. Ẹni tí ọlọ́pàá bá mú gbọ́dọ̀ fojú kan adájọ́ kí ọjọ́ méjì tó pé. Bírò ni kí wọ́n máa fi kọ̀wé ní tèṣọ̀n, kí wọ́n kọ aago tí wọ́n mú ènìyàn àti orúkọ ẹni tó mú un. Ọlọ́pàá tó bá na ènìyàn ní àtìmọ́lé, òun náà á wá sí kóòtù, kì í sì í ṣe pé ó wá jẹ́rìí. Èyí tó wá kan Ìyá Fáìlì gbọ̀ngbọ̀n ni ìkànìyàn. Ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun àkọ́kọ́ nínú oṣù, wọ́dà á ka orí gbogbo ẹni tó ń dúró de ẹjọ́ nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n, á gbé ìwé rẹ̀ wá sí kóòtù, Ìyá Fáìlì á sì kó fáìlì wọn jáde ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Orí kan, fáìlì kan. Bí orí bá ju fáìlì lọ, a jẹ́ pé ẹnì kan wà lẹ́wọ̀n tí ẹnikẹ́ni kò mọ ohun tó ń ṣe níbẹ̀.

Ìyá Fáìlì bínú sí òfin náà. Ó délé lọ́jọ́ náà, ó ju báàgì sórí àga, ó bá ọkọ rẹ̀ níwájú ilé níbi tó ti ń tún rédíò ṣe.

"Ìjọba yìí fẹ́ fi iṣẹ́ pa mí kí n tó fẹ̀yìn tì."

Bàbá Onírédíò kò gbójú kúrò lára rédíò tó ti tú ìfun rẹ̀ síta. "Fọkàn balẹ̀. Bí wọ́n bá pa ọ́, wọ́n gbọ́dọ̀ fi bírò kọ aago tí wọ́n pa ọ́."

"Ẹ̀yin náà ti dé nìyẹn."

"Kí wọ́n sì kọ orúkọ ẹni tó pa ọ́. Òfin ni."

Ṣùgbọ́n kí ọdún tó yípo, ìbínú náà ti lọ. Àwọn tó ń tò sí fèrèsé rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, tí wọ́n máa ń tó ogójì, dín kù di mẹ́rin, di mẹ́ta. Ó kọ́kọ́ rò pé wọ́n ti ṣí fèrèsé míì síbòmíràn. Nígbà tó yé e pé àwọn ènìyàn wọn ti ń padà sílé ni, ó jókòó sórí àpótí rẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣeun o," kò sì sí ẹnikẹ́ni nínú yàrá.

Lára àwọn díẹ̀ tó ṣì ń wá ni obìnrin aránṣọ kan, téèpù ìwọnṣọ máa ń wà lọ́rùn rẹ̀ nígbà gbogbo. Ó ní àbúrò òun ọkùnrin, aránbàtà, ni wọ́n mú pẹ̀lú ẹni tó ń ta awọ ní ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Wọ́n ní awọ olówò kan ni wọ́n jí. Ẹni tó ń ta awọ ti padà sílé, ó tilẹ̀ ti ṣí ṣọ́ọ̀bù. Àbúrò òun ńkọ́? Ikọ́ dá a dùbúlẹ̀ ní ẹ̀wọ̀n, wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ọgbà ẹ̀wọ̀n, látìgbà náà kò sí ẹni tó pè é sí kóòtù mọ́.

Ìyá Fáìlì tú pẹpẹ apá òsì láti òkè délẹ̀. Kò sí i.

"Ọmọ mi, ẹ lọ béèrè ní tèṣọ̀n. Fáìlì kì í sọ nù lọ́dọ̀ mi."

Obìnrin náà padà wá lẹ́yìn oṣù méjì. Ìdáhùn kan náà ló gbà. Kò wá mọ́, Ìyá Fáìlì sì kà á sí pé ọ̀rọ̀ ti níyanjú.

Ọdún márùn-ún pé, ìjọba gbé ìgbìmọ̀ kan dìde tí yóò máa lọ láti kóòtù dé kóòtù, láti tèṣọ̀n dé tèṣọ̀n, tí yóò yẹ iṣẹ́ àtúnṣe náà wò, tí yóò sì fún un ní máàkì. Inú ọjọ́ Ìṣẹ́gun ìkànìyàn gan-an ni wọ́n sọ pé àwọn ń bọ̀. Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí Ìyá Fáìlì fẹ̀yìn tì.

Rẹ́jísírà kóòtù, tí àwọn òṣìṣẹ́ ń pè ní Ọ̀gá Rọra lẹ́yìn rẹ̀ nítorí pé "ẹ rọra" ló fi ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, kò sùn. Ó kun ògiri, ó kun ìlẹ̀kùn, ó kun òkúta ẹnu géètì. Ọpẹ́lọpẹ́ pé Ìyá Fáìlì tètè dìde lórí àpótí rẹ̀, wọn ì bá ti kun òun náà mọ́ ọn. Ọ̀gá Rọra ti ṣèlérí fún un: bí kóòtù bá ti gba máàkì tó yẹ, adájọ́ yóò fọwọ́ sí ìwé ìyìn fún un, wọn yóò sì kà á sétígbọ̀ọ́ gbogbo òṣìṣẹ́ pé láàárín ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, fáìlì kan kò sọ nù. Ìyá Fáìlì ti mú kí ọkọ rẹ̀ kan ìṣó sára ògiri pálọ̀, láàárín kàlẹ́ńdà àti aago, níbi tí wọn yóò gbé ìwé náà kọ́. Ìṣó ti wà níbẹ̀ fún oṣù kan. Bàbá Onírédíò máa ń fi fìlà kọ́ ọ kí ibẹ̀ má baà ṣófo.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun náà pé. Wọ́dà dé ní aago mẹ́jọ, ọkùnrin tó sanra, tó máa ń la àágùn bí ẹni tó sáré wá.

"Ẹ fo ìkẹta o!"

"Màámi, mi ò tíì gun àkàbà."

"Mo mọ̀. Ẹ káàárọ̀. Ó yá, mélòó?"

Wọ́n bẹ̀rẹ̀. Wọ́dà ń pe nọ́ńbà, Ìyá Fáìlì ń gbé fáìlì sílẹ̀, pàù, pàù, pàù, bí ẹni ń to bíríkì. Fáìlì tán. Wọ́dà ṣì ń wo ìwé ọwọ́ rẹ̀.

"Màámi, orí méjìléláàádọ́fà ni tèmi."

"Fáìlì mọ́kànléláàádọ́fà ni tèmi. Tún un kà."

Wọ́n tún un kà. Kò yí padà.

"Orí kan ṣẹ́kù lọ́wọ́ mi."

"Bóyá o ka tìẹ mọ́ ọn."

"Tèmi ló wà lọ́rùn yìí, ẹ wò ó." Wọ́dà nu àágùn. "Oṣù yìí ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ní ká máa ka àwọn tó wà ní ilé ìwòsàn mọ́ wọn. Tẹ́lẹ̀, ẹni tó bá wà lórí bẹ́ẹ̀dì, a kì í kà á. Ọ̀kan péré ló kù níbẹ̀. Aránbàtà ni. Ó ti lo oṣù mẹ́rìnlá. Ara rẹ̀ ti yá tipẹ́, òun gan-an ló ń tún bàtà àwọn nọ́ọ̀sì ṣe. Àmọ́ ká gbé e lọ síbo? Kò sí fáìlì."

Ọwọ́ Ìyá Fáìlì dúró lórí páálí. Ó rántí téèpù ìwọnṣọ lọ́rùn obìnrin kan ní fèrèsé.

Kó tó fọhùn, Ọ̀gá Rọra ti wọlé, ó ti wọ ẹ̀wù dúdú, ó ń fọwọ́ nu ìka tí ọ̀dà ṣì wà lára rẹ̀. Wọ́dà ro ẹjọ́ orí tó ṣẹ́kù fún un.

"Ẹ rọra, ẹ rọra," ni Ọ̀gá Rọra wí. "Àwọn èèyàn yìí ti wà ní géètì. Ìyá Fáìlì, ẹ bá mi mú páálí tuntun kan. Ẹ kọ nọ́ńbà ọkùnrin náà sí i lára, ẹ ki ìwé òfìfo bíi mélòó kan sínú rẹ̀, ẹ wá ta kókó yín sí i. Ta ló fẹ́ tú u? Orí á di méjìléláàádọ́fà, fáìlì á di méjìléláàádọ́fà. Tó bá di ọ̀la, a ó wá èyí tó jẹ́ òótọ́."

Páálí tuntun wà lórí tábìlì. Okùn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Òótọ́ lọ̀gá sọ, kò sẹ́ni tó máa lè tú u. Ìyá Fáìlì rí ìṣó lára ògiri pálọ̀ bí ẹni pé ó wà níwájú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó mọ irú ọ̀la tí wọ́n ń sọ ní kóòtù. Lábẹ́ ẹsẹ̀ tábìlì ni ọ̀la irú bẹ́ẹ̀ ń gbé.

"Ọ̀gá, ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún."

"Ìyá Fáìlì, ẹ ti wá apá òsì tán!"

"Apá ọ̀tún ni mo fẹ́ wá."

"Ti àwọn tó ti parí? Kí ni ẹni tó wà lẹ́wọ̀n ń wá níbẹ̀?"

Ìyá Fáìlì ti rántí ẹni tó ń ta awọ, tó ti padà sílé. Ó ti gun àkàbà. Ní pẹpẹ kẹfà, lẹ́yìn àwọn fáìlì ẹjọ́ ewúrẹ́ àti ẹjọ́ ògiri, ó rí i: páálí méjì, nọ́ńbà ẹjọ́ kan náà, okùn kan ṣoṣo ló so wọ́n pọ̀, kókó rẹ̀ sì wà láàárín wọn, ó fún ṣinṣin bí ọjọ́ tó ta á.

Gbogbo rẹ̀ padà sí i lọ́kàn. Olówò tó ní wọ́n jí awọ òun ti rí awọ náà nínú yàrá ìkẹ́rù ara rẹ̀, lábẹ́ àpò ṣúgà. Adájọ́ dá ẹni tó ń ta awọ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ó ní kí èkejì, tó ń ṣàìsàn, wá gbọ́ ọ̀rọ̀ kan náà bí ara rẹ̀ bá ti yá. Ẹjọ́ kan ni, nọ́ńbà kan ni, Ìyá Fáìlì sì ní ìlànà: ẹni méjì tó bá jẹ́jọ́ pọ̀, okùn kan. Ó so wọ́n. Ẹjọ́ ẹni àkọ́kọ́ ti parí, ó gbé e lọ sí apá ọ̀tún, ó sì gbé èkejì mọ́ ọn. Fáìlì kò sọ nù. Kókó kò tú. Kókó tí òun fi ń yangàn gan-an ló ti ọkùnrin náà mọ́lé fún oṣù mẹ́rìnlá.

Ó di fáìlì náà mú mọ́ àyà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ó gbàgbé ìkẹta. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wọ inú òfìfo, orókún rẹ̀ sì lu ilẹ̀ gbì.

"Màámi, ẹ fo ìkẹta!" ni Wọ́dà kígbe, nígbà tó ti bọ́.

Ó dìde, ó ń tiro. Ó fo páálí tuntun náà dá lórí tábìlì, ó gba iwájú Ọ̀gá Rọra kọjá lọ sí gbọ̀ngàn kóòtù. "Ẹ rọra" tí ọ̀gá ń wí lẹ́yìn rẹ̀ lọ́jọ́ náà tó ogún.

Àwọn mẹ́ta ni ìgbìmọ̀ náà. Alága wọn jẹ́ obìnrin olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, orí rẹ̀ funfun, ó fi bírò há ẹ̀yìn etí. Adájọ́ jókòó sápá kan. Ọ̀gá Rọra sáré gba ọ̀nà kejì wọlé, ó ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀: "Ẹ káàbọ̀, ẹ̀yin àgbà. Orí tó wà ní ọgbà ẹ̀wọ̀n wa jẹ́ méjìléláàádọ́fà, fáìlì sì jẹ́…"

"Mọ́kànléláàádọ́fà ni, ọ̀gá," ni Ìyá Fáìlì wí láti ẹnu ọ̀nà. "Ìkejìléláàádọ́fà rèé. Láàárín àwọn tó ti parí ni mo ti rí i."

Alága wò ó láti orí dé orókún tó ń ṣẹ̀jẹ̀.

"Ta ló gbé e síbẹ̀, Màámi?"

"Èmi ni."

"Akọ̀wé púpọ̀ ló ń wọ yàrá yẹn," ni Ọ̀gá Rọra bọ́ sí i. "Ó lè jẹ́ ẹlòmíràn. Àgbàlagbà ni Ìyá Fáìlì, ó ń ṣàánú àwọn ọmọdé abẹ́ rẹ̀ ni."

"Báwo la ṣe máa mọ̀ pé ẹ̀yin ni?" ni Alága béèrè.

Ìyá Fáìlì gbé fáìlì sórí tábìlì. "Ẹ tú u."

Alága gbìyànjú. Ó bọ́ awò ojú, ó tún un gbìyànjú. Ẹni tó jókòó lápá òsì rẹ̀ gbà á, ó fi èékánná hú u, èékánná kán. Ẹni kẹta ní kí wọ́n wá ọ̀bẹ. Wọ́dà ní òun á fi eyín ràn wọ́n lọ́wọ́, adájọ́ sì ní, "Ṣọ́ra, mo mọ lọ́yà kan." Ẹ̀rín bú nínú kóòtù, àní àwọn ọlọ́pàá tó wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ́rìn-ín. Ìyá Fáìlì nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó na ìka kan, ó fà á. Okùn tú, fáìlì pín sí méjì.

"Kò sẹ́ni tó lè ta á àfi èmi," ló wí, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n ọkùnrin tó ni èkejì yìí wá bá mi lẹ́ẹ̀mejì. Mo lé e padà."

Adájọ́ na ọwọ́, ó gba fáìlì kejì. Ó ka ojú ìwé méjì, ó bọ́ awò ojú rẹ̀ sílẹ̀. "Wọ́dà, ẹ lọ gbé ọkùnrin yìí wá. Lónìí. Ní báyìí."

Ọkọ̀ ọgbà ẹ̀wọ̀n kò gbéra, gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Ọkọ̀ ìgbìmọ̀ náà ni wọ́n fi lọ gbé e. Aago méjì ọ̀sán kọjá díẹ̀ nígbà tí ó wọlé, ó rù, ó ga, bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń dán ju ti gbogbo ẹni tó wà nínú gbọ̀ngàn lọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti dé ṣáájú rẹ̀, ẹnì kan ti pè é lórí fóònù. Ó sáré wá pẹ̀lú téèpù lọ́rùn àti abẹ́rẹ́ láyà aṣọ. Adájọ́ sọ ọ̀rọ̀ tó yẹ kó ti sọ lóṣù mẹ́rìnlá sẹ́yìn. Kò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́rin lọ. Adájọ́ sì dìde nídìí àga, ó ní, "Kóòtù yìí bẹ̀ ọ́." Ẹni tó bá ti rí adájọ́ tó dìde bẹ aránbàtà rí kó na ọwọ́ sókè.

Ìyá Fáìlì lọ bá aránbàtà níbi tó dúró sí.

Aránbàtà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Màámi, ṣé ẹ̀yin lẹ sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé fáìlì kì í sọ nù lọ́dọ̀ yín?"

"Èmi ni, ọmọ mi."

"Òótọ́ lẹ sọ. Fáìlì kò sọ nù. Èmi ni mo sọ nù."

Ìyá Fáìlì sunkún níbẹ̀, kò bo ojú. Ẹ̀gbọ́n aránbàtà wò ó títí, ó mú aṣọ kékeré kan jáde nínú àpò, kì í sì í ṣe ojú ló fi nù fún un. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi di orókún rẹ̀. "Ẹ̀jẹ̀ ti kan bàtà yín," ló wí.

Kí àwọn ìgbìmọ̀ tó lọ, Alága tún pe Ìyá Fáìlì.

"Ẹ ti wà níbí kí ìjọba yìí tó dé. Nínú mẹ́wàá, mélòó lẹ máa fún wọn?"

Ọ̀gá Rọra ń fi ojú bẹ̀ ẹ́ pé mẹ́wàá.

"Méje," ni Ìyá Fáìlì wí.

"Kí ló dé tí kò fi pé?"

"Mo yọ ọ̀kan nítorí tèṣọ̀n orí òkè. Wọ́n ń fi bírò kọ̀wé níbẹ̀ o, ṣùgbọ́n wọ́n ṣì ń na ènìyàn kí wọ́n tó ṣí bírò. Mo yọ ìkejì nítorí pé ọdún márùn-ún gbáko lẹ ò fi ka àwọn tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì kún ènìyàn."

"Ìkẹta ńkọ́?"

"Ìkẹta, tèmi ni. Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀."

Alága yọ bírò lẹ́yìn etí, ó kọ ọ́. Ìyá Fáìlì kò tíì fẹ́ lọ. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún àwọn tó rán yín pé mo bú wọn lọ́jọ́ tí wọ́n gbé ìkànìyàn yìí dé. Mo ní wọ́n fẹ́ fi iṣẹ́ pa mí. Ká ní wọn ò máa ka orí ni, ǹ bá ti fẹ̀yìn tì lọ́sẹ̀ mẹ́ta sí i pẹ̀lú ìwé ìyìn lọ́wọ́, ọkùnrin yẹn ì bá sì kú síbẹ̀ lábẹ́ kókó mi. Ẹ ní mo dúpẹ́. Ẹ ní Ìyá Fáìlì dúpẹ́ gan-an ni."

Ìwé kúérì dé bá a lọ́jọ́ kejì, nítorí pé òfin ni òfin. Ó kọ èsì rẹ̀ lórí ìlà kan: "Èmi ni mo so ó, èmi náà ni mo tú u, mo bẹ̀bẹ̀." Adájọ́ ní kí wọ́n jẹ́ kó fẹ̀yìn tì ní àlàáfíà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìwé ìyìn kò tún wáyé mọ́. Ìyá Fáìlì lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó kù láti tú gbogbo fáìlì ẹlẹ́ni méjì tó wà nínú yàrá náà. Ọgọ́rin lé ní mẹ́fà ni. Kò sí òmíràn nínú wọn tó há. Ó tún wọn kà lẹ́ẹ̀mẹta kó tó gbà.

Ọjọ́ tó lò kẹ́yìn níbi iṣẹ́, ẹnì kan kan fèrèsé. Aránbàtà ni. Ara rẹ̀ ti ń padà bọ̀ sípò.

"Ẹ fo ìkẹta o," ni ẹnu Ìyá Fáìlì kọ́kọ́ sọ.

"Ẹ̀yin gan-an ni kẹ́ ẹ fò ó, bí mo ṣe gbọ́." Ó gbé nǹkan kan gba ojú fèrèsé wọlé: awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan bíi bẹ́líìtì, ó rán an létí yíká, ó fi irin kékeré sí i lẹ́nu.

"Òfin kò gbà kí n gba ẹ̀bùn lọ́wọ́ ẹni tó jẹ́jọ́."

"Kì í ṣe ẹ̀bùn. Irinṣẹ́ kóòtù ni. Ẹ fi di fáìlì kan."

Ó fi dì í. Ó bá a mu rẹ́gí, irin náà sì dún kẹ́.

"Ó yá, ẹ fi di méjì."

Ìyá Fáìlì kó fáìlì méjì jọ, ó fa awọ náà yí wọn ká. Kò kàn. Ó fà á títí, ó tẹ fáìlì mọ́lẹ̀ pẹ̀lú ìgbọ̀nwọ́, ó fi orókún tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jinná tì í. Ó ku ìwọ̀n ìka kan.

"Kò ní kàn láéláé," ni aránbàtà wí. "Ìwé ìdásílẹ̀ tèmi ni mo fi wọ̀n ọ́n. Ẹnì kan péré ló gbà."

Ẹ̀rín tí obìnrin náà rín, wọ́n gbọ́ ọ dé gbọ̀ngàn, adájọ́ sì dá ẹjọ́ dúró láti béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Nígbà tó rí awọ náà, ó ní kí aránbàtà rán igba sí i fún kóòtù. Wọ́n ti ń lò ó ní kóòtù mẹ́tàdínlógún báyìí, àwọn kan tilẹ̀ ní ó ti tó ogójì, ogójì náà ni èmi sì gbà gbọ́.

Èyí àkọ́kọ́ ni Ìyá Fáìlì mú lọ sílé. Bàbá Onírédíò yọ fìlà rẹ̀ kúrò lórí ìṣó láàárín kàlẹ́ńdà àti aago, ìyàwó rẹ̀ sì gbé awọ náà kọ́ síbẹ̀. Ọkọ rẹ̀ dúró, ó wò ó.

"Ṣé ohun tí wọ́n fi yìn ọ́ nìyí?"

"Rárá," ni Ìyá Fáìlì wí, ó sì tún irin náà ṣe kó lè gún régé. "Ohun tí mo fi dúpẹ́ ni."